Ata Funfun àti Iyèré: Ìtàn Ohun Tó Wà Nínú Ìkòkò Wa ní Nasarawa Gwong

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ ìtàn díẹ̀, mo mọ̀ pé wọ́n ń retí kí n kọ nípa oyè, tàbí nípa bí àwọn bàbá wa ṣe dé ìlú yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orí jì mí. Ohun kékeré kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ata ni.

Ní ọjọ́ kan tí àlejò ń bọ̀ nílé wa, ọmọ ọmọ mi obìnrin ní kí n bá òun ra wáìtì pẹ́pà tí òun fẹ́ fi se ìrẹsì. Mo rà á, ìgò kékeré kan tí kò kún àtẹ́lẹwọ́ mi. Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi mú mi ranti iyèré tí ìyá mi máa ń fi agolo wọ̀n. Mo délé, mo bi í pé, "Ṣé o mọ iyèré?" Ó ní, "Bàbá àgbà, ṣé kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń fi sínú àgbo ni?" Mo wá díẹ̀ jáde nínú ẹrù ìyá mi tó ṣẹ́kù, mo fi ọmọ ọlọ lọ̀ ọ́, mo ní kó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó gbọ́ ọ, ó ṣí ìgò tirẹ̀ náà, ó gbọ́ ìyẹn, ó sì wò mí lójú. Ó ní, "Bàbá àgbà, ó jọra o!"

Bẹ́ẹ̀ ni, ó jọra, nítorí pé ẹbí ni wọ́n. Ìtàn ẹbí náà ni mo fẹ́ sọ.

KÍ NI ATA FUNFUN?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé igi ata funfun yàtọ̀ sí ti ata dúdú olóyìnbó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí ìtàkùn kan náà ni méjèèjì ti ń wá. Àwọn onímọ̀ ń pe ìtàkùn náà ní Piper nigrum. Etíkun Malabar, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn India, ni ilé rẹ̀. Lónìí, Vietnam ló ń gbìn ín jù lọ ní gbogbo ayé. Indonesia àti Malaysia náà kò gbẹ́yìn, ata funfun láti erékùṣù Bangka ní Indonesia sì ti lórúkọ tipẹ́tipẹ́.

Bí wọ́n bá já èso náà nígbà tó gbó ṣùgbọ́n tí kò tíì pọ́n, tí wọ́n sá a sí oòrùn, èèpo rẹ̀ á hunjọ, á sì dúdú. Ata dúdú nìyẹn. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ títí tó fi ń pọ́n, wọ́n á kó o sínú àpò, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Èèpo á rà, wọ́n á bó o kúrò, wọ́n á ṣàn án dáadáa, wọ́n á sá a gbẹ. Kóró tó kù ni ata funfun. Bí èèpo ti lọ, ara òórùn rẹ̀ lọ pẹ̀lú, ìwọ̀n rẹ̀ náà sì dín kù. Ìdí nìyí tí ata funfun fi sábà máa ń wọ́n ju dúdú lọ. Àwọn alásè fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kì í fi ẹ̀ka dúdú sílẹ̀ nínú ọbẹ̀ tàbí oúnjẹ tí àwọ̀ rẹ̀ bá mọ́.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ṣe ògì, tí ẹ sì ń ṣe fùfú, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí yín. Rírẹ, bíbó, ṣíṣàn: ohun tí ẹ ń ṣe náà ni. Ìdí sì nìyí tí àwọn ata funfun mìíràn fi máa ń rùn bíi fùfú díẹ̀, pàápàá bí omi tí wọ́n fi rẹ ẹ́ bá dúró sójú kan. Àwọn àgbà ní inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Inú èèpo tí ì bá di dúdú náà ni ata funfun ti ń jáde.

KÍ ATA RODO TÓ DÉ

Yorùbá ní ẹ̀mí tí kò bá jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n irú ata wo ni àwọn baba ńlá wa ń jẹ ní 600 ọdún sẹ́yìn? Ata rodo, ṣọ̀mbọ̀, tàtàṣé àti ata wẹ́wẹ́ kò sí nílẹ̀ yìí nígbà náà. Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá. Lẹ́yìn tí Columbus dé ọ̀hún ní 1492 ni ọkọ̀ àwọn Òyìnbó, pàápàá àwọn Potogí, gbé irúgbìn wọn káàkiri ayé títí tó fi kan etíkun wa.

Kí wọ́n tó dé, ohun tó ń ta lẹ́nu nínú ìkòkò wa ni iyèré, ataare àti èèrù. Ataare kò kúrò lọ́wọ́ wa, nítorí pé a kì í sọmọ lórúkọ kó má sí níbẹ̀. Èèrù náà ṣì wà nínú àgbo àti nínú ọbẹ̀ àwọn ìyálọ́mọ. Iyèré ni ata rodo lé jìnnà jù.

Iyèré ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Piper guineense. Ẹ kíyè sí orúkọ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ ó rí i pé ìdílé kan ni òun àti ata funfun. Ìtàkùn ni òun náà, inú igbó ẹgàn ilẹ̀ wa ló sì ti ń hù, tó ń gun igi lọ sókè. Ohun tó ń ta nínú ata funfun, tí wọ́n ń pè ní piperine, òun náà ló ń ta nínú iyèré. Ohun tó ń ta nínú ata rodo yàtọ̀ sí i, capsaicin ni wọ́n ń pe ìyẹn. Nítorí náà, bí ọmọ ọmọ mi ṣe fi imú mọ̀ ọ́n, kò ṣìnà rárá.

ATA BENIN ÀTI ÀWỌN ÒYÌNBÓ

Ìtàn iyèré kò mọ sí inú ìkòkò. Ní nǹkan bí 1486, Potogí kan tí ń jẹ́ João Afonso de Aveiro dé Benin. Lára ohun tó mú padà sílé ni iyèré. Àwọn Potogí pè é ní ata onírù, nítorí pé igi tín-ín-rín máa ń wà lẹ́yìn kóró kọ̀ọ̀kan bí ìrù. Ọba wọn fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí Flanders kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jà, ó sì tà. Wọ́n dá ilé òwò sílẹ̀ ní Ughoton, èbúté ìlú Benin, wọ́n sì ń kó iyèré lọ.

Ní 1498, Vasco da Gama wa ọkọ̀ dé India. Àwọn Potogí wá rí ata Malabar rà láti orísun rẹ̀. Ohun tó tẹ̀ lé e ló yẹ kí gbogbo wa ronú lé. Nígbà tí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọba Potogí fòfin de iyèré Benin, kí ó má baà bá ata India tí òun ń tà du ọjà. A kò gbọ́ pé iyèré kò dára, a kò sì gbọ́ pé kò ta. Wọ́n dí ọ̀nà rẹ̀ nítorí pé ẹni tó ni ọkọ̀ ti ní òmíràn tí èrè rẹ̀ pọ̀ jù fún un.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà wá. Ní 1553, Thomas Wyndham kó ọkọ̀ wá láti Portsmouth, pẹ̀lú Potogí kan tí ń jẹ́ Pinteado. Ọba Benin ìgbà náà gbọ́ èdè Potogí, tó ti kọ́ láti kékeré, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní bí ọjà tí wọ́n kó wá kò bá tó iye ata tí wọ́n fẹ́, òun á fún wọn láwìn títí wọn ó fi padà wá. Láàárín 30 ọjọ́, àwọn ènìyàn rẹ̀ ti kó bí 80 tọ́ọ̀nù iyèré jọ. Ṣùgbọ́n ibà ti wọ inú ọkọ̀. Wyndham kú, Pinteado náà kú, nínú nǹkan bí 140 ọkùnrin tó wá, agbára káká ni 40 fi padà dé Plymouth. James Welsh tún wá ní 1588 àti 1590, òun náà ra iyèré àti eyín erin. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọjà ẹrú àti ọjà epo gba ipò, ọ̀rọ̀ iyèré sì parẹ́ lẹ́nu àwọn oníṣòwò òkè òkun.

BÍ IYÈRÉ ṢE GUN ÒKÈ DÉ JOS

Òkè Jos ga ju 1,200 mítà lọ sí ojú òkun, ó sì tutù. Ó dára fún ànàmọ́ Òyìnbó, kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì tí a ń rà ní Farin Gada, ṣùgbọ́n iyèré kò lè hù níbẹ̀. Èyíkéyìí tí a bá rí níhìn-ín, ẹnì kan ló gbé e wá.

Wíwa kùsà ló sọ Jos di ìlú ńlá. Ojú irin kékeré láti Zaria dé Bukuru ní nǹkan bí 1914. Ẹni tó bá ti ìhà Yorùbá bọ̀ á wọ ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Kano, á sọ̀ ní Zaria, á sì wọ ti kékeré yẹn. Ojú irin kò gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá, síbẹ̀ àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára àwọn Yorùbá tó kọ́kọ́ pọ̀ ní Jos. Nígbà tó di 1927, ojú irin ńlá ti Kafanchan wọ Jos, ó sì so ìlú yìí pọ̀ mọ́ Enugu àti Port Harcourt. Bí àwọn Yorùbá ṣe ń kó obì, aṣọ òkè àti irú wá láti ìhà kan, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ìgbò ń kó ti wọn wá láti ìhà kejì. Àwọn Hausa tó jẹ́ oníṣòwò ọ̀nà jíjìn láti ayébáyé náà ní tiwọn lọ́wọ́.

Ọjà ńlá Jos ní Terminus ni ìyá mi ti ń ta irú, iyèré, ataare àti èèrù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Mallam kan wà, tí ń ta citta, kanunfari, kimba àti masoro. Lọ́ọ̀ọ́kán wọn ni ìyá Ìgbò kan ń ta uziza àti uda. Mo jẹ́ ọmọ ilé ìwé nígbà náà, mo sì máa ń lọ bá ìyá mi ṣọ́ọjà lẹ́yìn ìwé. Ọjọ́ kan ni mo ṣàkíyèsí pé kóró onírù tó wà nínú igbá ìyá mi, òun náà ló wà nínú àwo Mallam, òun náà ló sì wà nínú agbọ̀n ìyá Ìgbò. Iyèré ni masoro, masoro ni uziza. Bẹ́ẹ̀ náà ni èèrù wa ni kimba, òun náà ni uda.

Mo sáré lọ sọ fún ìyá mi bí ẹni tó rí wúrà he. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé ìsinsìnyí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀? Ẹni tó fẹ́ se àgbo, iyèré ló ń wá. Ẹni tó fẹ́ po kunu, masoro ló ń wá. Bí mo bá sọ fún un pé ọ̀kan náà ni, kò ní gbà. Orúkọ tó mọ̀ ló ń rà." Mo rí àwọn oníbàárà tó ra kóró kan náà lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọjọ́ kan, ní iye owó mẹ́ta. Bí ọjà ìyá mi bá tán, ọ̀dọ̀ Mallam ló ti ń bù, a ó sì san án padà tí ẹrù bá dé.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará. Yájì tí wọ́n ń fi sí súyà, kunu tí a ń mu nígbà ọyẹ́, ọbẹ̀ tí àwọn Ìgbò ń se fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, àgbo tiwa: kóró kan náà ló wà nínú gbogbo rẹ̀.

ÌKÒKÒ TÓ FỌ́

Mi ò ní sọ ìtàn ìjà ìlú yìí níhìn-ín, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ohun tó ṣe sí igbá iyèré kan ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tí ìjà oṣù kẹsàn-án 2001 rọlẹ̀, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìyá mi tó padà sí ọjà. Ó ti gbà pé ẹrù òun ti lọ. Mallam ti gbé àpò iyèré rẹ̀ méjèèjì mọ́ tirẹ̀, ó dì wọ́n, ó sì kó wọn fún un láìgba kọ́bọ̀. Nígbà tó di oṣù kejì 2002, iná sọ ní ọjà ńlá náà, ó sì jó o. Àwọn oníṣòwò fọ́n ká. Ìyá mi bá ibi kan lọ, Mallam bá ibòmíràn lọ. Wọ́n ṣì ń fi ìkíni ránṣẹ́ síra wọn nípasẹ̀ àwọn alábàárù. Lẹ́yìn oṣù kọkànlá 2008, ìkíni náà dínkù. Ìjà tó bẹ̀rẹ̀ ní 17 oṣù kìíní 2010 ní Dutse Uku, ní Nasarawa Gwong wa níhìn-ín, ló wá sọ ọ́ di pé ẹni tó wà ní òdìkejì títì kò lè kọjá sí ìhà kejì. Ìyá mi kú ní ọdún méjì lẹ́yìn náà. Mi ò mọ ilé Mallam tí ǹ bá fi sọ fún un, títí di òní sì nìyẹn ṣì ń dùn mí.

Ọjà kì í ṣe ibi títà àti rírà nìkan. Ibẹ̀ la ti ń mọ̀ pé ohun tí aládùúgbò wa ń jẹ kò yàtọ̀ sí tiwa. Nígbà tí ọjà ti pín sí ẹ̀yà àti ẹ̀sìn, ọmọ wa kò rí masoro mọ́, kí ó tó wá mọ̀ pé iyèré ni. Inú àlàfo yẹn ni ìgò kékeré wọ̀ sí. Mi ò bá ata funfun jà. Ó dára, mo sì ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé àwọn Potogí fi òfin lé iyèré lọ́jà wọn ní 500 ọdún sẹ́yìn, àwa sì ń lé e ní ilé wa láìsí òfin kankan.

ẸNI TÓ MỌ IYÌ ORÚKỌ

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwọn aládùúgbò wa kan parí rẹ̀. Ní Cameroon, ìlú kan wà tí ń jẹ́ Penja, ní agbègbè Moungo, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú, tó sì lọ́ràá nítorí òkè tó ti tú iná rí. Piper nigrum ti India ni wọ́n gbìn síbẹ̀, ata funfun rẹ̀ sì dára púpọ̀. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kó ara wọn jọ, wọ́n kọ ìlànà bí a ó ṣe máa gbìn ín àti bí a ó ṣe máa rẹ ẹ́, wọ́n sì gba ìdáàbòbò fún orúkọ rẹ̀. Ní 2013, àjọ OAPI tó ń bójú tó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé fún wọn ní òǹtẹ̀. Ní 2022, Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà gbà á. Láti ìgbà náà, a kò gbọdọ̀ fi orúkọ Penja ta ata tí kò ti ibẹ̀ wá lábẹ́ òfin wọn.

Ìtàkùn àjèjì ni wọ́n fi ṣe èyí o. Iyèré tiwa, tó jẹ́ ọmọ onílé, inú àpò tí kò lórúkọ ló ṣì ń wọ àwọn ọjà tí mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni mo ń rántí: orúkọ tí ènìyàn mọ̀ ló ń rà.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Mi ò ní kí á lọ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun mẹ́ta péré ni mo ń bẹ̀ wá fún.

Àkọ́kọ́, bí ẹ bá fẹ́ ra ata funfun, ata dúdú tàbí iyèré, ẹ ra odidi kóró, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ fúnra yín. Àwọn aláyédèrú máa ń po ìyẹ̀fun mọ́ èyí tí wọ́n ti lọ̀, wọ́n sì máa ń da kóró ìbẹ́pẹ gbígbẹ pọ̀ mọ́ ata dúdú. Bí ata funfun bá tán nílé, ẹ fi iyèré díẹ̀ dán an wò nínú ọbẹ̀ ẹran tàbí ẹja. Ó korò díẹ̀, òórùn rẹ̀ sì yàtọ̀ díẹ̀, nítorí náà ẹ fi ìwọ̀nba bẹ̀rẹ̀.

Èkejì, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ohun èlò ọbẹ̀ mẹ́wàá sínú ìwé kan, ní Yorùbá, ní Hausa, ní Ìgbò, àti ní èdè Berom, Afizere tàbí Anaguta, àwọn onílẹ̀ tó gbà wá lálejò. Àwọn àgbà tó mọ̀ wọ́n kò ní wà títí.

Ẹ̀kẹta, ní ìpàdé àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí á tẹ́ tábìlì kan, kí á sì pe àwọn aládùúgbò wa ní Nasarawa Gwong kí wọ́n gbé igbá tiwọn wá. Kò sí ìwàásù níbẹ̀. Kí wọ́n kàn tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí àwọn ọmọ máa gbọ́ òórùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí ata funfun tán nínú ìgò yẹn, ó fọ̀ ọ́, ó da iyèré ìyá mi sínú rẹ̀, ó sì lẹ bébà mọ́ ọn lára. Orúkọ mẹ́ta ló kọ síbẹ̀: iyèré, masoro, uziza. Ìgò náà wà ní ilé ìdáná wa. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó yà sílé.

Kí Olódùmarè jẹ́ kí ìlú yìí tòrò, kí ó sì jẹ́ kí á tún jọ ná ọjà kan náà.